Ìyá Ìyàwó Ní Í Gbé Bẹ́ṣíkì Wá

Istanbul,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, 2009

Oydin ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ilé tòrò? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Elmurod ọkọ rẹ ńkọ́ ní Rọ́ṣíà, ṣé òtútù ò tíì gé e létí lọ? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ gbogbo yín. Ó rẹ èmi, àmọ́ mo wà.

Ìwé ni mo kọ torí pé tẹlifóònù yẹn ti sú mi. Bí mo bá pè ọ́, àárín agbo lo ti ń dáhùn. Mò ń gbọ́ ikọ́ ìyá ọkọ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, mò ń gbọ́ ìró ife. "Mo wà dáadáa, Màmá. Kò sí nǹkan kan, Màmá." Ṣé ẹni tó wà dáadáa ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ọ̀bẹ lé lọ́rùn? Hosiyat tó ń kó aṣọ láti ibí lọ tà ní Chust, ìlú wa, ní òun á máa bá wa mú lẹ́tà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé yìí dáadáa.

Iṣẹ́ mi ò yí padà. Nezahat, ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, ti pé ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Mò ń gbé wọn dìde, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Ọmọbìnrin wọn máa ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ bó bá bu tíì fún mi, á kún dé etí ife. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé kì í ṣe pé ó ń lé mi nílé, bí a ṣe ń fi ife kíkún lé àlejò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n tún máa ń da ojú búrẹ́dì délẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni da bàtà. Gbogbo ìgbà ni mò ń dìde lọ yí i sókè, torí èèwọ̀ ni nílé wa. Nezahat á máa wò mí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.

Bí ilé ọkọ ṣe ń lọ sí ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ò ń gbálẹ̀ kí oòrùn tó yọ? Kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ dé ìta géètì, kí eruku má bàa wọ ilé aládùúgbò. Máa tẹrí ba fún ìyá ọkọ rẹ láràárọ̀, gbé ọwọ́ lé àyà, má ṣe é bí ẹni tí kòkòrò já jẹ. Ìyàwó ọdún kan ṣì ni ọ́, gbogbo ojú ló wà lára rẹ. Bí wọ́n bá bú ọ, dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án.

Hosiyat tún ní ò ń sanra. Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí n gbọ́? Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu alájàpá ni mo ti máa gbọ́ ọ.

Mo fi ìborí méjì ránṣẹ́. Èyí tó ní àwọ̀ ewé jẹ́ ti ìyá ọkọ rẹ. Fún wọn ní tiwọn kó o tó lo tìẹ.

Robiya, ìyá rẹ.


Karnon,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, 2009

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àárẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn yín ò dùn yín mọ́? Ìyá ọkọ mi ní kí n kí yín. Wọ́n ti wé ìborí yẹn dé ilé mẹ́ta, wọ́n ń wí fún gbogbo ayé pé, "Istanbul ló ti wá o," bí ẹni pé àwọn fúnra wọn ló lọ rà á.

Òótọ́ ni. Mo lóyún. Ó ti wọ oṣù karùn-ún. Mi ò sọ torí pé ojúkojú ni mo fẹ́ ti sọ ọ́. Mo rò pé ẹ ó wá ṣe ọdún Nawruz nínú oṣù yìí. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹ ò ní wá.

Mò ń gbálẹ̀, Màmá. Mò ń wọ́n omi. Mò ń tẹrí ba. Bí ojúmọ́ bá ṣe ń mọ́, mo ti po ìyẹ̀fun, mo ti dáná sínú ààrò amọ̀, irun mi ti ń rùn fún èéfín. Bó bá di ọ̀sán, mo máa jókòó ti fìlà tí mò ń fi òwú ṣe ọnà sí lára, títí ìka mi á fi kú. Ìyá ọkọ mi ò burú. Ẹnu wọn ló mú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, àwọn aládùúgbò wá jẹ ìrẹsì nílé wa. Mò ń bu tíì fún wọn, díẹ̀ díẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn wo ikùn mi, ó ní, "Ta ni yóò gbé bẹ́ṣíkì ọmọ yìí wá? Ṣebí ìyá ìyàwó ní í gbé ibùsùn tí a ó máa mi ọmọ sí wá?"

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyá ìyàwó kẹ̀? Ìyá oníyàá ni ìyá ìyàwó ń mì ní Istanbul. Bóyá ó máa di bẹ́ṣíkì sínú báàgì Hosiyat."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé ife wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì fẹ́ kó bọ́.

Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ẹ lọ. Ẹ wá ṣe ìgbéyàwó mi, ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin, ẹ padà. Nígbà tí ẹbí wa pe èmi àti ọkọ mi wá jẹun bí àṣà, Àǹtí Sharofat ló tẹ́ aṣọ oúnjẹ sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin ti wà lókè nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Mi ò bẹ̀ yín rí. Mo bẹ̀ yín báyìí. Ẹ gbé e wá fúnra yín. Oṣù Keje ni wọ́n dá fún mi.

Oydin.


Istanbul,
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2009

Oydin, ìyá ọmọ,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú ilé ìdáná, mo jókòó sórí àpótí ọṣẹ, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ láyọ̀. Má gbé omi tó wúwo. Má fo okùn kọjá. Má fẹnu kan ẹran ràkúnmí o, kí oyún má lọ lo oṣù méjìlá nínú rẹ. Máa fi mí rẹ́rìn-ín, àmọ́ má jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ṣíkì wá kù. Ọmọ mi, mi ò lè wá. Ìwé ìgbélùú mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Bí mo bá jáde ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ti ọ̀nà mọ́ mi fún ọdún márùn-ún. Kí la ó máa jẹ? Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ibí yìí ni òrùlé wa ti wá, ibí yìí ni aṣọ ìgbéyàwó rẹ ti wá. Ṣé o rò pé afẹ́fẹ́ òkun ni mo wá gbà?

Sharofat àbúrò mi yóò gbé e wá. Mo ti bá a sọ ọ́. Kó lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà àgbà tó wà lẹ́yìn ọjà Chust, kó gba èyí tí wọ́n fi igi willo etí odò ṣe, kí ó má gba èyí tí wọ́n kùn lọ́dà bí ọkọ̀ ìpolongo. Èmi á fi aṣọ ìbòrí rẹ̀ ránṣẹ́, àti ọ̀já tí a fi ń di ọmọ mọ́ inú rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi ń rán an. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá, ṣebí ìyá náà ni?

Kí àna mi náà sì rọra. Sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n rọra. Tàbí kó o má sọ fún wọn. Dákẹ́.

Ìyá rẹ.


Karnon,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2009

Màmá,

Ẹ kú iṣẹ́.

Hosiyat wá ta aṣọ ní ilé wa. Ó fi àwòrán inú fóònù rẹ̀ han gbogbo obìnrin tó wà lágbàlá. Mo rí yín. Ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Nezahat, ìyá arúgbó yẹn, kéèkì wà níwájú wọn, ẹ gbé ọwọ́ wọn sẹ́nu ẹ̀ ń fẹnu kò ó. Hosiyat ní, "Màmá ni Robiya ń pè é o! Ìyá yẹn náà ń pè é ní ọmọ mi. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní òun ló bí i."

Ẹ ò dúró parí ayẹyẹ ọmọ yín. Ẹ ò tún ní wá sí ti ọmọ ọmọ yín. Ó kúkú yé mi báyìí. Èèyàn kì í fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ẹ má fi ọ̀já ránṣẹ́. Ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ẹ bá mi kí ìyá yín.

Oydin.


Istanbul,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2009

Oydin,

Lẹ́tà tí mo kọ ṣáájú èyí, mo ya á. Ìbínú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè pé ta ni ìwọ ń pè ní Màmá láràárọ̀ ní Karnon, tí o ń tẹrí ba fún. Ṣé mo bínú? Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ? Àmọ́ ìbínú náà tún ń rẹ èèyàn, mo sì ti dàgbà.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nezahat bí ọmọbìnrin kan ṣáájú èyí tó ń wá lọ́jọ́ Àìkú. Handan lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó kú, ó ti lé ní ogójì ọdún. Orí ìyá yìí ti ń dàrú. Lọ́jọ́ kan, mò ń ya irun wọn, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Handan, níbo lo wà láti àná?" Mo ní, "Màámi, èmi kọ́ ni Handan, Robiya ni mí." Wọ́n ní, "Handan dà?" Ọmọ wọn wà níbẹ̀, ó ní, "Màmá, Handan ti kú." Oydin, ìyá yẹn ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ kan náà kú mọ́ wọn lójú níṣojú mi. Nígbà tí wọ́n pè mí lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jẹ́. Mo ní, "Èmi rèé, Màmá. Ọjà ni mo lọ." Wọ́n dákẹ́, wọ́n jẹun, wọ́n sùn.

Ohun tí o rí nínú àwòrán nìyẹn. Ọjọ́ ìbí wọn ni.

Mo ti rán ọ̀já náà tán. Èmi ò ní fi ránṣẹ́ títí o ó fi dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ.


Istanbul,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà, 2009

Oydin,

Lẹ́tà méjì rèé, èsì kan kò dé. Hosiyat ní òun dé géètì yín, wọ́n ní wọn ò gba àlejò. Láti ìgbà wo ni ilé Ùsíbẹ́kì ti ń ti géètì mọ́ àlejò lójú? Mo pe tẹlifóònù. Ìyá ọkọ rẹ ní ò ń sùn. Mo pè lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ò ń sùn. Ìyàwó wo ló ń sùn láago mẹ́ta ọ̀sán nílé ọkọ? Mo pe Sharofat, ó ní kò sí nǹkan kan, ó sì ń yára fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀.

Bú mi. Kọ ìlà kan péré, fi bú mi, ó tó.

Ìyá rẹ.


Karnon,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà, 2009

Àna mi Robiya,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Salomat, ìyá ọkọ ọmọ yín, ni mo ń kọ eléyìí. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi, ọdún kẹjọ ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀, ọwọ́ mi sì ti bá ọwọ̀ àti òwú mọ́ra ju gègé lọ.

Kí àyà yín má já. Ẹ kà á délẹ̀. Oydin ti bímọ. Obìnrin ni. Ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí ni, oṣù kan ṣáájú àkókò. Ìdí ààrò amọ̀ ló wà, ó ń yọ búrẹ́dì, ni mo gbọ́ tó ní, "Màmá," ohùn rẹ̀ kéré. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ilẹ̀ ti pupa. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ nílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ dànù lára rẹ̀ gan-an. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń jẹun, àmọ́ bó bá dìde lẹ́ẹ̀kan, òòyì á gbé e. Ọmọ náà kò ju búrẹ́dì kan lọ, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì. Elmurod sọ ọ́ ní Nafosat láti Rọ́ṣíà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ò gbà á láyè kó wá.

Géètì wà ní títì torí ogójì ọjọ́ wọn ni. Ẹni tó wá láti òde kò gbọ́dọ̀ wọlé bá wọn. Mo ti fi ewé ta èéfín yí ilé ká, mo ti fi ọ̀bẹ àti búrẹ́dì sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ọbẹ̀ ìyẹ̀fun tí a fi ọ̀rá yan ni mò ń sè fún un ní àràárọ̀. Ìyá ìyàwó ní í sè é, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń sè é. Kì í ṣe pé mò ń ṣírò rẹ̀ fún yín.

Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín. Ó ní, "Wọn ò kúkú lè wá. Kí la fẹ́ da ọkàn wọn rú fún?" Mo wá ń purọ́ fún yín lórí fóònù. Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, irọ́ ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà. Mo sọ ohun kan lọ́jọ́ tí àwọn aládùúgbò wá. Àwàdà ni mo pè é. Ó di eegun sí ọmọ yín lọ́nà ọ̀fun. Nílé ìwòsàn, nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, ó ń pè yín. Nọ́ọ̀sì wò mí, ó ní, "Màmá, ó ń pè yín." Mo ní, "Èmi kọ́ ló ń pè." Ojú tì mí.

Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi wà ní òkèèrè. Ilé yìí, èmi àti ọmọ yín nìkan là ń wojú ara wa. Mo ń kígbe mọ́ ọn torí pé ilé dákẹ́ jù. Ẹ foríjì mí.

Bẹ́ṣíkì wà lọ́jà, Robiya. Ìyá ò sí lọ́jà. Bí ẹ ó bá wá, ẹ wá. Bí ẹ ò bá lè wá, ẹ má fi báàgì ránṣẹ́. Ogójì ọjọ́ wọn pé ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Keje.

Salomat.


Istanbul,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje, 2009

Oydin mi,

Mo ń bọ̀. Ọjọ́ kẹtàlá ni mo máa gúnlẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú Namangan.

Mo sọ fún ọmọ Nezahat. Kò bínú. Ó jókòó sórí àga nínú ilé ìdáná, ó bi mí pé, "Bí ó bá pe Handan, ta ni yóò jẹ́ ẹ?" Mo bu tíì fún un. Àwa méjèèjì jókòó títí ó fi tutù.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ayọ̀ nìkan ló wà nínú mi. Ọ̀nà tí mo ń tì lẹ́yìn ara mi yìí, mi ò mọ ohun tí a ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí, ẹ̀yìn mi ti tẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni kí n gbé èèyàn dìde kí n tún gbé e sílẹ̀. Bóyá màá yan búrẹ́dì tà. Bóyá màá kọ́ iṣẹ́ fìlà lọ́wọ́ rẹ. Àárẹ̀ ọdún mẹ́fà wà lára mi bí aṣọ òtútù tó rẹ sómi.

Sọ fún àna mi Salomat pé kí Ọlọ́run gbà wọ́n lọ́wọ́ àìsàn. Sọ fún wọn pé mo ka lẹ́tà wọn nígbà márùn-ún.

Nígbà tí mo bá wọlé, má dìde láti kí mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò tíì pé. Jókòó síbi tí o bá wà, èmi á wá bá ọ.

Ìyá rẹ.


Karnon,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2009

Màmá mi,

Àǹtí Sharofat ló ń mú èyí bọ̀ wá bá yín ní Chust. Ẹ ti wà nítòsí, kò ju wákàtí kan lọ, síbẹ̀ mo tún ń kọ lẹ́tà. Bóyá inú lẹ́tà ni ẹnu mi ti máa ń là.

Lọ́jọ́ bẹ́ṣíkì, èrò pọ̀ jù, mi ò rí yín bá sọ̀rọ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí yín bí ẹ ṣe wọlé, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ bẹ́ṣíkì kan dání, tí Àǹtí gbé ìkejì. Wọ́n fi ìyẹ̀fun pa yín lójú lẹ́nu géètì, kí ọ̀nà ọmọ lè funfun. Kí ẹ tó rìn dé ìdí àjàrà, omijé ti la ojú ọ̀nà méjì sínú ìyẹ̀fun náà. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ dà bí ọlọ́lọ tí òjò pa.

Nígbà tí ìyá àgbà tó fẹ́ tẹ́ Nafosat sínú bẹ́ṣíkì mọ̀ọ́mọ̀ gbé orí rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bí àwàdà àṣà, tí wọ́n bi wá pé, "Ṣé báyìí ni?" tí gbogbo ilé pariwo "Rárá o!", ohùn yín ni mo gbọ́ jù. Mo ti gbàgbé pé ohùn yín tóbi tó báyẹn. Lórí fóònù, ó máa ń kéré.

Ẹ ní kí n má dìde. Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo tẹrí ba fún yín lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe ń ṣe fún àlejò ilé ọkọ mi. Mo rí bí ojú yín ṣe rí. Ẹ dúró, ẹ ò mọ̀ bóyá kí ẹ fọwọ́ kàn mí. Nígbà tó yá, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ lọ ń kó búrẹ́dì jọ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àǹtí ní ẹ ò jẹun nígbà tí ẹ délé. Ó ní ẹ sọ pé, "Ó kí mi bí ìyàwó tuntun ṣe ń kí èrò ọ̀nà."

Màmá, kì í ṣe ìbínú. Ìbínú mi ti tán nílé ìwòsàn, kò sí agbára tí màá fi gbé e. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sáré. Ara mi ni kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ọkọ ni mo ti ń kí èèyàn bí wọ́n ṣe kọ́ mi, bí wọ́n bá ti wọlé, ọwọ́ mi á ti lọ sí àyà kí n tó mọ̀. Ibẹ̀ ló lọ.

Hosiyat ti dé láti Istanbul. Ó ní wọ́n ti rí ẹlòmíì gbà fún Nezahat, ìyá arúgbó yẹn, obìnrin ará Turkmen kan. Ó ní ìyá yẹn ṣì ń pe Handan, obìnrin náà ò sì gbọ́ èdè dáadáa, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Mo rò ó títí nígbà tí mò ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n lórí fóònù Hosiyat, ẹ pè wọ́n. Ẹ jẹ́ fún wọn. Mi ò ní torí ẹ̀ bínú.

Nafosat ò sùn, Màmá. Bí ìyá ọkọ mi bá gbà á, orúnkún wọn á ro wọ́n. Bí mo bá gbà á, ilé á máa yí. Mo ti gbàgbé ọjọ́ tí mo fi ojú kan oorun tó délẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyá ọkọ mi ń lọ kí aláìsàn kan ní Namangan. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n pè yín. Ẹ má ru búrẹ́dì wá, ẹ má ra aṣọ wá, ẹ má pe ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé yín. Mi ò ní jáde wá pàdé yín lẹ́nu géètì. Mi ò ní tẹ́ aṣọ oúnjẹ sílẹ̀ fún yín, mi ò sì ní béèrè pé báwo ni ọ̀nà. Ẹ ti géètì wọlé, kò ní àgádágodo. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ sùn. Ẹ má jí mi o, kódà bí àlejò bá dé.

Oydin.